Tris tó wà nínú bọ́fà yín ló ń jẹ PEG yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo fẹ́ so PEG 5 kDa (okùn pọ́límà kan) oní-NHS (orí rẹ̀ tó ń so mọ́ nǹkan) mọ́ BSA, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù. Míligíráàmù 2 ni BSA náà nínú mílílítà kan, nínú bọ́fà (omi tí kì í jẹ́ kí pH yí) tí a fi kẹ́míkà Tris 50 mM ṣe, pH 8. Mo fi PEG tí iye mólíkù rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 20 ti BSA sí i, kò so. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po 60, pàbó náà ni. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ìdáhùn: Mi ò rí ìgò yín, mi ò sì ní bá yín bú ẹni tó tà á. Àmọ́ ẹ dárúkọ Tris bí ẹni pé omi lásán ni, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lọ̀ràn wà lọ́rùn rẹ̀.

Ta ló tiẹ̀ kọ́ yín pé bí kò bá so, kí ẹ fi kún un? Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. NHS kò mọ purotéènì yàtọ̀. Amine ló ń wá, ìyẹn náítírójìn tó ní háídírójìn méjì lára, irú èyí tó wà ní ìdí lysine, ọ̀kan nínú àwọn amino acid tí a fi kọ́ purotéènì. Tris náà ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. BSA yín jẹ́ nǹkan bí 30 µM (1,000 µM ló ń jẹ́ 1 mM). Bí gbogbo lysine rẹ̀ mọ́kàndínlọ́gọ́ta bá tiẹ̀ yọjú síta, wọn ò pé 2 mM. Tris jẹ́ 50 mM. Ẹni tó gbé àwo ìrẹsì kan síwájú èrò àádọ́ta, tó ń retí kí àlejò méjì tó jókòó sẹ́yìn yó, ṣé ìrẹsì ayédèrú ló rà ni? Ìlọ́po 60 yín náà ò pé 2 mM. Tris á gbé e mì.

Omi pàápàá ń jẹ ẹ́. Ní pH 8.6, nínú òtútù 4 °C, nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni ìdajì NHS fi ń lọ. Ẹ má pò ó mómi kẹ́ ẹ wá lọ jẹun.

Ẹ fi dialysis (sísẹ́ gba inú awọ tó ń jẹ́ kí ohun kéékèèké jáde, tó ń dá purotéènì dúró) yọ Tris kúrò, kẹ́ ẹ lo bọ́fà fọ́sífeéètì tàbí HEPES, tí NHS kì í so mọ́, pH 7.5 sí 8. Tris wúlò o, àmọ́ ìparí ni àyè rẹ̀, láti fi dá iṣẹ́ dúró. Bí ẹ bá yọ ìgò PEG nínú fírísà, ẹ má tíì ṣí i. Ṣé ẹ mọ bí ìgò mínírà tútù ṣe ń làágùn? Irú omi yẹn náà ló ń wọnú ìyẹ̀fun PEG yín. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ná.

BSA ni mo sọ o. Bí ó bá jẹ́ enzyme (purotéènì tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yá) tí lysine wà lójú iṣẹ́ rẹ̀, PEG lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ gún un fún ẹranko, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwádìí níbi iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ bi, kì í ṣe èmi.

Ẹ padà sí ìlọ́po 20, kẹ́ ẹ yí bọ́fà kẹ́ ẹ tó ra ìgò mìíràn.