Ewé ẹ̀wà mi tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ kò sí kókó lára gbòǹgbò ẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọ̀nà Ìlobùú níbí l'Óṣogbo ni oko mi wà. Mo da yúríà sí ẹ̀wà mi lẹ́ẹ̀mejì, ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ìgbà tí mo wá fa ìdí kan tu, kò sí kókó kankan lára gbòǹgbò ẹ̀. Ti ẹni tá a jọ pààlà tí ò da nǹkan kan sí i, kókó ló kún un. Ṣé ilẹ̀ mi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko mà. Ilẹ̀ yín ò ṣe nǹkan kan o, yúríà yẹn ni. Inú kókó yẹn ni bakitéríà tí wọ́n ń pè ní rhizobia ń gbé, wọ́n ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà, ẹ̀wà náà ń fún wọn ní ṣúgà. Ebi náítírójìn ló ń jẹ́ kí ẹ̀wà wá wọn: gbòǹgbò á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní flavonoid sílẹ̀, bakitéríà tó bá gbúròó ẹ̀ á fi èròjà tiẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Nod factor, dá a lóhùn, ìyẹn bíi kọ́kọ́rọ́, àgádágodo ẹ̀ wà lára irun gbòǹgbò, tí kò bá bá a mu kò ní ṣí. Tó bá ṣí báyìí, kálísíọ́mù inú sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò bí ẹni ń lùlù, irun gbòǹgbò á ká bakitéríà mọ́ra, á la ọ̀nà fún un wọlé, sẹ́ẹ̀lì inú lọ́hùn-ún á sì máa pín títí á fi di kókó.

Àmọ́ owó ńlá ni bíbọ́ àlejò yẹn. Tí kókó bá ti ń yọ, gbòǹgbò á ránṣẹ́ sókè sí ewé, ewé á ní ó tó gẹ́ẹ́. Yúríà tẹ́ ẹ dà ti di nitrate nínú ilẹ̀, ìyẹn náítírójìn tí gbòǹgbò lè fà mu fúnra ẹ̀, òun náà máa ń mú kí gbòǹgbò rán irú iṣẹ́ yẹn, ni ẹ̀wà yín bá tilẹ̀kùn. (Sóyà kan wà tí ewé ẹ̀ ò gbọ́ iṣẹ́ yẹn mọ́, kókó bo gbòǹgbò ẹ̀ bámúbámú, òun fúnra ẹ̀ ò wá dàgbà dáadáa.)

Tó bá dìgbà míì, ẹ fi yúríà sílẹ̀, ajílẹ̀ tó ní fọ́sífọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ wá fún un. Tó bá ti ń tanná, ẹ fi ṣọ́bìrì wú ìdí kan, ẹ má fà á tu, torí kókó máa ń já sínú ilẹ̀. Ẹ la kókó ọ̀hún sí méjì: tí inú ẹ̀ bá pọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, tó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, kò tíì ṣiṣẹ́ tàbí ó ti ṣe tán.