Ṣé èèyàn lè ṣe wáìnì tirẹ̀ láìní oko àjàrà tàbí ẹ̀rọ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Kalifóníà, àwọn ilé-ìfúntí kan wà tó ń bá èèyàn ṣe é. Custom crush ni wọ́n ń pè é. Àwọn ló ni ẹ̀rọ, àgbá àti ìwé àṣẹ láti ṣe wáìnì. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ á dáwó ra àjàrà, ẹ ó sì sọ irú wáìnì tí ẹ fẹ́.

Àsìkò ìkórè, láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, ló máa ń dùn jù. Ẹ ó dúró yí tábìlì ká, ẹ ó máa ṣa ewé àti èso tó ti bàjẹ́ kúrò. Tí wọ́n bá ti fọ́ àjàrà pupa sínú ọpọ́n ńlá, ìwúkàrà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á máa hó bí ẹmu àárọ̀. Èèpo rẹ̀ á léfòó, á ki pọ̀ lókè. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni wọ́n ń fi igi tì í wọlé padà kí àwọ̀ rẹ̀ lè jáde. Iṣẹ́ apá ni o! Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n á fún un, wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá igi, ó sì lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀.

Àgbá kan ń gba nǹkan bíi lítà 225, ìyẹn ìgò 300. Ta ló fẹ́ dá ìyẹn mu? Ẹ̀yin mẹ́wàá, ìgò 30 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Owó rẹ̀ kò kéré ṣá. Ẹni tó ń wá wáìnì olówó pọ́ọ́kú, kó gba ọjà lọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ tà á, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìjọba.