Ìdìbò ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe

Àbúrò wa tó béèrè pé èwo ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe nílùú Gẹ̀ẹ́sì, ilé àwọn Lọ́ọ̀dù tí ará ìlú ò dìbò yàn ni àbí ètò ìdìbò fúnra rẹ̀: ìdìbò ni o. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Mo ti fi ẹsẹ̀ mi rin ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2011, nígbà tí wọ́n ní kí aráàlú dìbò bóyá kí wọ́n yí ètò ìdìbò padà sí èyí tí wọ́n ń pè ní AV, mo wà lára àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn kiri ní Peckham ní London, tá à ń bẹ wọ́n kí wọ́n sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni". Kí ni AV? Wàá kọ 1, 2, 3 sí orúkọ àwọn olùdíje bó o ṣe fẹ́ràn wọn sí. Bí kò bá sẹ́ni tó ní ju ìdajì ìbò lọ, wọ́n á yọ ẹni tó gbẹ̀yìn, ìbò rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n kọ 2 sí. Ó rọrùn báyìí, àmọ́ lọ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná! Màmá Ìjẹ̀bú kan gbọ́ mi títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹni tó ṣe ìkẹta ló wá máa wọlé?" Ohun táwọn tó ní "Rárá" ti ń sọ káàkiri nìyẹn. Wọ́n tún gbé pátákó síta, àwòrán ọmọ tuntun, wọ́n ní ibi ìtọ́jú àìsàn ọkàn ló nílò, kì í ṣe ètò ìdìbò tuntun. Ta ló fẹ́ bá ọmọ ọwọ́ jiyàn? Ìdá 67.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní "Rárá".

Ẹ wá gbọ́ o: AV yẹn kan náà làwọn Lọ́ọ̀dù tó jogún oyè ń lò láàárín ara wọn nígbà yẹn. Ní 1999 ni wọ́n lé ọ̀pọ̀ wọn jáde, wọ́n dá 92 sí, bí ọ̀kan bá sì kú, wọ́n máa ń dìbò rọ́pò rẹ̀, títí di 2024 tí wọ́n dá ìdìbò náà dúró. Ní 2016, olùdíje méje ló jáde, olùdìbò mẹ́ta péré. Viscount Thurso, tí aráàlú ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìbò lé kúrò ní Commons, ilé aṣòfin tí aráàlú ń dìbò yàn, ní 2015, ló kó ìbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí ló dé tí mi ò fi ní ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn? Láti òfin 1911 àti 1949, ìdádúró ni wọ́n lè ṣe, wọn ò lè pa òfin tí Commons bá takú lé lórí. Àwọn tó wà ní Commons gan-an ni kò fẹ́ kí aráàlú dìbò yan àwọn Lọ́ọ̀dù, torí orogún tó níbò lọ́wọ́ á máa bá wọn jiyàn. Ní 2012, nígbà tí Nick Clegg, igbákejì olórí ìjọba nígbà náà, gbé àbá wá pé kí aráàlú yan mẹ́rin nínú márùn-ún wọn, aṣòfin ẹgbẹ́ Conservative 91 ló kọ̀yìn sí i, ó sì kú síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Commons yẹn alára, báwo ni wọ́n ṣe ń débẹ̀? Ẹni tíbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ládùúgbò ló ń wọlé, kódà bí kò tó ìdajì. Ní 2024, ẹgbẹ́ Labour fi ìdá 33.7 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò gba ìjókòó 411 nínú 650. Ẹgbẹ́ Reform ní ìdá 14.3, ìjókòó márùn-ún ló kàn wọ́n.

Bí àwọn tó fẹ́ tún ètò ìdìbò ṣe bá tún dé, kí wọ́n má gbé AV wá mọ́. Ohun tá a ń lò fún Assembly London, ìgbìmọ̀ tá a ń dìbò yàn fún ìlú London, ni kí wọ́n béèrè: 14 ń ṣojú àdúgbò, 11 ń wá látinú iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì rí màmá tó ní kò yé òun.

Ìwọ náà, bí ìwé ìgbélùú rẹ bá pé, ọmọ Commonwealth ni ọ́, o lè dìbò. Lọ forúkọ sílẹ̀. Páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rẹ ni kó o mú dání lọ́jọ́ náà, wọ́n ń gbà á.