Pápákọ̀ Ìbàdàn dúró bí pèpéle nínú kọ̀ǹpútà mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Microsoft Flight Simulator X (FSX) ni mo fi ń wa bàálù lórí kọ̀ǹpútà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fáìlì ilẹ̀ tuntun sí i ni pápákọ̀ Ìbàdàn bá yọ sókè bíi pèpéle. Bí bàálù bá yà kúrò lórí rọ́nwéè báyìí, kòtò ló ń já sí. Ṣé fáìlì yìí ti bàjẹ́ ni? Láti Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ó lè má bàjẹ́ rárá. Ṣé o mọ bí katapílà ṣe ń gé títì ládùúgbò, tí ilé tó ti wà nílẹ̀ á wá so rọ̀ sókè, tí onílé á máa wá àtẹ̀gùn? Ilé ò ga sí i, ilẹ̀ ló lọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú FSX, pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ sórí gíga kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sínú fáìlì rẹ̀. Gíga ilẹ̀ àyíká, ibòmíràn ló ti wá. Púpọ̀ nínú irú fáìlì ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú ohun tí ọkọ̀ òfurufú Endeavour ti Amẹ́ríkà fi rédà wọ̀n láti ojú sánmà fún ọjọ́ 11, ní oṣù kejì ọdún 2000, ni wọ́n ti fà á yọ. Iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ni mo ń ṣe, mo sì mọ̀ pé rédà yẹn kì í rí ìdí igbó dáadáa. Bó bá dé igbó Ọ̀ṣun wa yìí, á ka igi mọ́ ilẹ̀. Nítorí náà, gíga ilẹ̀ àti ti pápákọ̀ lè má bára mu.

Kọ́kọ́ lọ gbé mesh complexity, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe ń hàn kínníkínní tó, dé 100 nínú settings. Bí kò bá yí padà, gbé bàálù sórí rọ́nwéè, tẹ Shift pẹ̀lú Z, ka gíga tó bá yọ lókè. Ti Ìbàdàn, bí ẹsẹ̀ bàtà 725 ni, á lé díẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ bàálù. Tẹ Y, rọra sún un sínú koríko, tún tẹ Y kó balẹ̀, kí o tún kà á.

Bí ti rọ́nwéè bá pé, ilẹ̀ àyíká ló ń tàn ọ́. Bí kò bá pé, fáìlì pápákọ̀ ló jẹ̀bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, fáìlì pápákọ̀ méjì ló ń jà níbẹ̀, yọ ọ̀kan. Fáìlì kékeré tó ń tún gíga ṣe, inú Scenery\World\scenery ni kí o fi sí. Àwọn ọmọ wa á jù ú sí Addon Scenery, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́.

Ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì mẹ́ta, èmi ò ní jókòó tì í. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kọ ìwọ̀n méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú orúkọ fáìlì náà.