Èsì: Ilé àwọn kóńpánì àtijọ́ l'Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá pé ibo ni ilé àwọn kóńpánì òyìnbó àtijọ́ wà l'Òṣogbo, àti pé kí ló kù níbẹ̀. Ẹ gba Sítéṣọ̀n Róòdù lọ. Rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901 tẹ̀ síwájú dé ọ̀dọ̀ wa kí 1910 tó pé, àwọn oníṣòwò sì rọ́ tẹ̀lé e: UAC, John Holt, PZ, pẹ̀lú àwọn ará Lẹ́bánónì. Kòkó àti èkùrọ́ ni wọ́n ń wá. Ọjà títà máa ń wà nísàlẹ̀, máníjà á sì máa gbé òkè. Iṣẹ́ sìgá pàápàá, Òṣogbo ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1933, kó tó kan Ìbàdàn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kì í ṣe ti òyìnbó rárá: ilé ọtí Dúró Ládiípọ̀, gbajúmọ̀ òṣèré orí ìtàgé, Popular Bar, tó di Mbárí Mbáyọ̀, ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà àti òṣèré, ní 1962. Ilé ọtí o!

Tí ẹ bá ń wá èyí tó kù, ẹ má wo bọ́ọ̀dù iwájú ṣọ́ọ̀bù, irọ́ ni bọ́ọ̀dù ń pa. Ẹ gbójú sókè wo páànù tó ti dípẹtà àti fèrèsé onípákó. Ẹ tún yà sí ilé Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria) ní Ìbòkun Róòdù. Kì í ṣe ilé òwò, àmọ́ iṣẹ́ Àgùdà, ìyẹn ọnà ilé kíkọ́ àwọn tó ti Brazil dé, tó wà lára rẹ̀ ò lẹ́gbẹ́.