Ìdó, Alágoméjì àbí Ọ̀yìngbò: níbo gan-an ni kí ẹ ti pàdé màmá yín?

Ẹ ní màmá yín ń wọ rélùwéè bọ̀ láti Abẹ́òkúta, Ìkẹjà lẹ̀ ń gbé, ẹnì kan ní kí ẹ lọ dúró dè wọ́n l'Ọ́yìngbò, ẹlòmíì ní Ìdó ni. Irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa fún yín. Ẹni tó bá tún wí fún yín pé "téṣàn náà ni téṣàn", ẹ sá fún un. Gbólóhùn yẹn ló lé mi kiri Èbúté Mẹ́ta nínú òjò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo lọ pàdé, Abẹ́òkúta làwọn náà ti ń bọ̀. Ọkùnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń sanwó fún kó máa júwe ọ̀nà fún èrò, ló fọwọ́ sọ̀yà pé Ọ̀yìngbò ni gbogbo ọkọ̀ ojú irin ń parí sí báyìí. Mo tún un bi. Ó fajú ro, bí ẹni pé mo bú u. Mo bá jókòó l'Ọ́yìngbò. Ọkọ̀ dé, èrò bọ́ sílẹ̀, n ò rí bàbá. Òmíì dé, n ò rí wọn. Fóònù wọn ò lọ. Mo padà lọ bá ọ̀gá oníyunifọ́ọ̀mù, ó ní bóyá bàbá ti sùn kọjá. Kí wọ́n sùn kọjá lọ síbo? Ṣebí òun náà ló ní ibẹ̀ lọ̀nà parí sí!

Obìnrin kan tó ń ta omi ló là mí lóye pé ọkọ̀ Abẹ́òkúta kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, Alágoméjì ló ń lọ. Mo sáré débẹ̀, wọ́n ní èrò ọkọ̀ náà ti túká tipẹ́. Ẹ wo arúgbó tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, l'Ékòó, nínú òjò, láìsí fóònù. Mo wo abẹ́ gbogbo ìsọ̀, mo ń júwe fìlà wọn fún ọlọ́kadà. Ìdó ni mo ti wá rí wọn, wọ́n jókòó lé ẹrù, agbádá ti rin gbingbin, wọ́n sì ń bi mí léèrè ìdí tí mo fi pẹ́. Wọ́n ní àwọn sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kó gbé àwọn lọ sí téṣàn Èkó, níbi tí mo máa wà.

Bàbá ò jẹ̀bi. Lójú àwọn àgbà, Ìdó ni téṣàn Èkó. Ní 1896 ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti apá ibẹ̀, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ibẹ̀ lèrò Agége àti Ìjókò ń bọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí kan àwọn tó ń gun òrùlé ọkọ̀. Irin tóóró nìyẹn o. Irin tuntun tó fẹ̀ jù ú lọ ni ti Alágoméjì, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021, tó gba Abẹ́òkúta lọ sí Mọ́níyà n'Íbàdàn. Mobolaji Johnson, gómìnà àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni wọ́n fi sọ téṣàn Alágoméjì.

Ti Ọ̀yìngbò, Red Line ni, ọkọ̀ ojú irin ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Ààrẹ Tinubu ṣí i ní oṣù kejì 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá. Agbádó, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Ọ̀ṣọ́dì, Múṣin, Yábàá, Ọ̀yìngbò, ibi tó ń dúró nìyẹn. Irin kan náà lòun àti ọkọ̀ Ìbàdàn jọ ń tẹ̀, ìyẹn ló ń da àwọn "ọ̀mọ̀wé" orí íntánẹ́ẹ̀tì láàmú. Àwọn kan nínú wọn á tiẹ̀ ní ó ń gbé èèyàn dé Marina. Ìyẹn wà nínú ètò, àmọ́ Ọ̀yìngbò ló ń dúró. Blue Line, ọkọ̀ ojú irin mìíràn tó ń ti Mile 2 bọ̀, ló ń dé Marina. Ẹni tó bá sọ̀ l'Ọ́yìngbò tó ń lọ sí Erékùṣù á tún wọ bọ́ọ̀sì.

Owó lọ́wọ́ ò ṣiṣẹ́ lórí Red Line o. Káàdì Cowry ni, ẹ ó fi kàn án nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé, ẹ ó tún fi kàn án nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde. Ẹ fi owó sí i kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ti màmá: Agége ni kí wọ́n sọ̀. Ọkọ̀ Abẹ́òkúta ń dúró níbẹ̀ kó tó dé Alágoméjì, Agége ò sì jìnnà sí Ìkẹjà. Ẹ kọ "Agége" àti nọ́ńbà yín sínú ìwé fún wọn, torí fóònù lè kú. Kí wọ́n tètè kúrò nílé, Láderin ni téṣàn Abẹ́òkúta wà, ẹ̀yìn ìlú. Tí ẹ bá sì dé Agége, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fà yín gba orí irin kọjá, bí gbogbo ọjà tiẹ̀ ń gba ibẹ̀. Ọkọ̀ tuntun yìí kì í pariwo bíi ti àtijọ́, ó sì ń sáré.