Kí ló kan ọ̀kùn àti ekòló nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére fún òkú?

Ìbéèrè: Nígbà tí wọ́n ń sin ìyá wa àgbà, àwọn àgbà ilé dúró ti sàréè, wọ́n ń sọ pé: "Má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí o máa bá wọn jẹ." Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀kùn àti ekòló? Ṣé àwọn ni wọ́n ń jẹ òkú ni? Mo tún gbọ́ pé ibì kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń tẹ́ òkú èèyàn sílẹ̀ láìsin ín, tí wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń jẹrà. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀sí?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá àgbà. Ẹ̀yìn wọn á dára.

Ẹ tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́ dáadáa. Wọn kò sọ pé ọ̀kùn àti ekòló ń jẹ òkú. Òkú ni wọ́n ní kó má jẹ wọ́n. Inú ilẹ̀ làwọn méjèèjì ń gbé, ẹni tó bá sì jókòó sínú kòtò, ohun tó wà nínú kòtò ni yóò máa jẹ. Àwọn tó ń dágbére fún ìyá kò fẹ́ kó dúró síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó kọjá lọ bá àwọn tó ti lọ ṣáájú, kó bá wọn jókòó ti oúnjẹ. Mo gbà pé àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ ohun tí ilẹ̀ ń fi ara èèyàn ṣe, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń rọ òkú pé kó má fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Ní ti jíjẹ gan-an, ewé àti igi tó ti rà loúnjẹ ọ̀kùn. Erùpẹ̀ àti ewé rírà ni ti ekòló. Inú òkú fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọkàn bá ti dúró, ẹ̀jẹ̀ á rọlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí òkú fi dùbúlẹ̀, ibẹ̀ á sì pọ́n dúdú. Láàárín wákàtí mélòó kan òkú á gan, bó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta á tún dẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun, tó ń bá wa da oúnjẹ nígbà ayé, kì í bá wa kú. Àwọn ló ń kọ́kọ́ jẹ òkú. Ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún á yí sí àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á kún inú, òkú á wú, awọ á sì máa bó.

Eṣinṣin ló tẹ̀ lé wọn, pàápàá àwọn tó ń dán yinrin, aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ aró. Nígbà mìíràn kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí wọ́n tó dé. Ojú, imú, ẹnu àti ojú ọgbẹ́ ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Níbi tí ooru bá ti mú, ẹyin náà á pa ní nǹkan bí ọjọ́ 1. Ìdin á jẹun, á bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà á fi òkú sílẹ̀ lọ wá ibi gbígbẹ tí yóò ti di eṣinṣin. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ooru tó ń gbà. Nítorí náà, onímọ̀ tó ń bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ á ṣa ìdin tó dàgbà jù lọ, á wọ̀n ọ́n, á béèrè bí ooru àdúgbò náà ṣe rí lójoojúmọ́, á wá ṣírò padà sẹ́yìn dé ọjọ́ tí eṣinṣin kọ́kọ́ balẹ̀.

Irú eṣinṣin bẹ́ẹ̀ kì í sábà rọ́nà dé inú sàréè tó jìn, ó wà lára ìdí tí jíjẹrà fi ń falẹ̀ níbẹ̀. Johann Ludwig Casper, dókítà kan ní Berlin láyé ijọ́un, fi lélẹ̀ pé ohun tó máa ṣe òkú fún ọ̀sẹ̀ 1 ní gbangba, ọ̀sẹ̀ 2 ni yóò gbà nínú omi, ọ̀sẹ̀ 8 nínú ilẹ̀. Ìfojúdíwọ̀n ni, àmọ́ ó ṣì wúlò.

Ibi tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ wà ní Knoxville, ìpínlẹ̀ Tennessee, lẹ́yìn ilé ìwòsàn yunifásítì. William Bass, onímọ̀ egungun, ló dá a sílẹ̀. Òkú àkọ́kọ́ wọ ibẹ̀ ní 1981. Ohun tó sún un débẹ̀ nìyí. Ní 1977, ní ìlú Franklin, wọ́n bá sàréè àtijọ́ kan tí wọ́n ti hú, wọ́n sì rí òkú kan níbẹ̀ tí ẹran ara rẹ̀ ṣì pọ́n. Wọ́n rò pé apààyàn kan ló wá fi í pamọ́ síbẹ̀. Bass yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò tíì pé ọdún 1 tó kú. Àṣé Kọ́nẹ́ẹ̀lì William Shy ni, tó kú sójú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ní 1864! Ọdún 113 ni Bass fi ṣì í. Wọ́n ti fi oògùn sí òkú náà lára, pósí irin tí wọ́n dé pinpin ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, kí olè tó wá fà á jáde. Bass rí i pé ohun tí òun àti ẹgbẹ́ òun mọ̀ nípa bí òkú ṣe ń jẹrà kò tó nǹkan, ó sì tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ yunifásítì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tẹ́ òkú sábẹ́ igi, sínú oòrùn, sínú ọkọ̀, sínú kòtò tí kò jìn, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀.

Àkọsílẹ̀ ibì kan kò ṣeé gbé lọ síbòmíràn bẹ́ẹ̀. Texas State University dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní San Marcos ní 2008, igún sì yà wọ́n lẹ́nu níbẹ̀: láàárín wákàtí díẹ̀ wọ́n ti jẹ òkú ku egungun. Ẹni tó bá bá irú egungun bẹ́ẹ̀ á ní ó ti tó oṣù mélòó kan. Ọsirélíà náà ṣí tirẹ̀ nítòsí Sydney ní 2016.

Ní ti ìwọ̀sí, wọn kì í jí òkú gbé. Ẹlòmíràn fọwọ́ sí ìwé fúnra rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ ẹbí ló gbé e kalẹ̀. Bí ẹran ara bá tán ní Knoxville, wọ́n á fọ egungun, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí òkú tí wọ́n bá nínú igbó padà ní orúkọ, kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè sin ín bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ yan èyí, mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an. Èyí tí ọmọ gbé òkú ìyá rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ìyá sọ bẹ́ẹ̀ rí, òfin ibẹ̀ lè gbà á, èmi kò gbà á.